Orí Tí Bàbá Gẹ Dé Ìdajì

Bàbá mi gẹ irun oníbàárà kan dé ìdajì, wọ́n pa máṣíìnì, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró de àyè wọn, wọ́n sì ń wo ọkùnrin náà bí ẹni pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn kàn wá gẹrun. Ọkùnrin náà dúró títí. Ó wo dígí, ó wo Bàbá, ó tún wo dígí. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó máa dìde, ó fi fìlà bo ìdajì tó kù, ó sì gba ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ láti lọ fẹjọ́ sùn.

Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di ẹgbìrìn ọ̀tẹ̀, bí a ti ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń rú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo yà kí wọn, wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mò ń wá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí mi láti òkèèrè, wọ́n pè mí bí wọ́n ṣe ń pè mí láti kékeré, wọ́n sì fi bàtà mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò mọ̀ pé wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ojú omi ní méjì méjì. Wọ́n á pariwo mọ́ Àǹtí nítorí pé tówẹ́ẹ̀lì gbẹ, tó bá yá wọ́n á bẹ Àǹtí láìrántí ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n á máa làágùn nígbà tí àwa yòókù ń wá súwẹ́tà. Mi ò mọ èwo ni kí n mú nínú bàbá méjèèjì yìí. Inú ń bí mi sí wọn, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi sí aláìsàn.

Àǹtí ni àbúrò Bàbá obìnrin tó kó wá bá wọn gbé lẹ́yìn ikú ìyá wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Bàbá tó Àǹtí, kò sì sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fi ìfẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu tó wọn. Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, dókítà sì fún wọn ní oògùn oníhóró kan tí wọ́n á máa lò láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Oògùn yẹn, Àǹtí kì í gbàgbé rẹ̀. Wọ́n á dúró ti Bàbá bí aṣọ́bodè títí hóró náà á fi kọjá ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á sì ní kí Bàbá la ẹnu kí àwọn rí i pé kò sápamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Oúnjẹ ni Àǹtí ń fura sí. Lójú tiwọn, orúkọ àìsàn náà ti sọ gbogbo rẹ̀: ṣúgà ló fà á, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ láyé kó sá fún un. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nílé tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, Àǹtí á kọrin. Bó bá tún kéré sí i, wọ́n á jó.

Nítorí náà, nígbà tí orí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, gbogbo wa la gbà pé ṣúgà ló ti gun orí lọ. Àǹtí dín oúnjẹ wọn kù sí ìdajì. Orí Bàbá tún dàrú sí i. Àǹtí dín ìdajì náà kù. Bàbá á jókòó níwájú abọ́ òfìfo, wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun, Àǹtí á sì yíjú sí mi pé ṣé mo rí i báyìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ti gbàgbé.

Ohun kan wà tó rú mi lójú jù lọ. Oníbàárà àtijọ́ kan gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún Bàbá lọ́jọ́ kan, wọ́n sá sẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n sì mu ún tán pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí wọn pé ju tèmi lọ. Wọ́n gẹ orí mẹ́rin láìsinmi, wọ́n sọ bí àwọn ṣe pàdé ìyá wa fún àwọn tó ń dúró, wọ́n sì rántí orúkọ ajá ìyá ìyá wa. Àǹtí wá rí ìgò tó ṣófo nínú garawa ìdalẹ̀nù, wọ́n sunkún bí ẹni tó rí òkú. Láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n ti ń yẹ àpò ṣòkòtò Bàbá wò. Mo ronú sí i títí, mi ò rí ojútùú rẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n dẹ́ṣẹ̀ gan-an lara wọn dá?

Ohun tó tún wá bu ẹ̀tẹ́ lù mí ni pé èmi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Sẹ́ẹ̀lì ni mò ń tọ́jú. Àǹtí máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ń sin nǹkan ọ̀sìn kan tí ojú ò lè rí, tí wọn ò sì lè tà. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Sẹ́ẹ̀lì la fi mọ ara wa, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Àwọn tèmi jẹ́ irú àwọn tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Inú abọ́ ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú àpótí kan tó móoru bí ara èèyàn, láàbù wa sì wà lókè pátápátá ilé alájà mẹ́ta kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń rùn bí ọṣẹ.

Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe. Wọ́n á dì í sínú àpò tó kéré ju kíkéré lọ, wọ́n á kó àpò náà sẹ́bàá ògiri, wọ́n á wá dúró de àṣẹ. Bí èèyàn bá jẹun, ṣúgà á dénú ẹ̀jẹ̀, á wọnú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì sun ún bí igi ìdáná. Agbára tó bá tibẹ̀ jáde ló máa ti ilẹ̀kùn kékeré kan pa lára sẹ́ẹ̀lì náà. Bí èyí bá tì, òmíràn á ṣí, kálíṣíọ̀mù á rọ́ wọlé, òun ló sì máa jíṣẹ́ fún àwọn àpò náà pé àkókò ti tó. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á yanu, wọ́n á da ínsúlíìnì síta, kí ínsúlíìnì lè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ara ti nílò rẹ̀. Ẹnìkan ń rán ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń lọ títí á fi dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa òwe yẹn mọ́ tó inú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣìnà nígbà tí àìsàn bá dé ni èmi ń wá.

Ọ̀gá mi ni obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tún-Un-Ṣe lẹ́yìn wọn, torí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, ìbáà dùn, ìbáà korò. Àṣà kan wà tí wọ́n fi kọ́ wa. Abọ́ tó bá gbẹ̀yìn nínú ìlà, a máa ń kán oògùn kan sí i tí a sọ ní Ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kì í gba ọ̀dọ̀ ṣúgà kọjá rárá, ó máa ń lọ bá ilẹ̀kùn kékeré yẹn tààrà, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Bí abọ́ Ẹlẹ́rìí bá dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì ti kú nìyẹn, kí a má wulẹ̀ dá ara wa láàmú. Ọ̀gá máa ń ní kí a fi omi ṣúgà sí abọ́ Ẹlẹ́rìí náà bí a ṣe ń fi sí àwọn yòókù, wọ́n ní ẹlẹ́rìí tó yó ló ń sọ̀rọ̀ ketekete.

Ẹbí kan náà ni Ẹlẹ́rìí àti oògùn Bàbá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti fún wọn. Mo tilẹ̀ bá Bàbá ṣàwàdà pé ohun tí mò ń fún nǹkan ọ̀sìn mi làwọn náà ń jẹ, wọ́n sì ní kí n jọ̀ọ́, kí n má gbé àwọn sínú abọ́ ike. A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ohun tí èèyàn mọ̀ ní láàbù kì í sábà tẹ̀ lé e délé. Ó máa ń dúró nínú kóòtù funfun lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oníbàárà onífìlà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi pè wá jọ sí pálọ̀. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà n kì í rántí bọ̀wọ̀ fún un bí inú bá ń bí mi. Alábòójútó ni ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò, ó sì fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan ní ìdérí. Ó ní òun ti rí ilé kan létí ìlú tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ti ra. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo níbẹ̀. Ó ní kí a ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí Bàbá tó fi máṣíìnì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí wọ́n sì kó lọ sí ilé náà kí oṣù tó parí.

Mo bá a jà. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ Bàbá ni wọ́n pa wọ́n. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ ká ṣe nígbà náà. Àǹtí ń sunkún sínú gèlè wọn. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́ kí a sọ pé ìkà ni òun. Ó ní tó bá di Sátidé, òun máa lọ jókòó sórí àga Bàbá, kí wọ́n gẹ irun òun. Bí wọ́n bá gẹ ẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù á wà ní ṣíṣí. Bí wọn ò bá gẹ ẹ́ re, òun máa gba kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, Bàbá á sì lọ. Mo gbà. Àǹtí náà gbà, wọ́n ní àwọn máa rí i dájú pé ara Bàbá mọ́ tónítóní lọ́jọ́ náà, kí ṣúgà kankan má dí wọn lórí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an làwọn sẹ́ẹ̀lì mi náà ya wèrè. Àwọn abọ́ tí mo fi omi ṣúgà sí, tó yẹ kí wọ́n máa da ínsúlíìnì wìì, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Mo rò pé wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n abọ́ Ẹlẹ́rìí ń dà á bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí. Bí wọ́n bá kú, ta ló ń da èyí? Bí wọ́n bá sì wà láàyè, kí ló dé tí wọn ò gbọ́ ti ṣúgà mọ́? Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn abọ́ náà bí mo ṣe ń wo Bàbá, bí ẹni pé gbogbo ohun tí mo bá ti tọ́jú ló ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, mo kọ́kọ́ ya láàbù, torí sẹ́ẹ̀lì ò mọ òpin ọ̀sẹ̀. Àǹtí pè mí lórí fóònù bí mo ṣe ń wọ kóòtù. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ní Bàbá ti lo oògùn wọn láti òwúrọ̀ kùtù, àwọn ò sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan nǹkan kan, àní omi lásán ni wọ́n mu, kí orí wọn lè mọ́ dáadáa kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Nọ́ńbà ẹ̀rọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi dúpẹ́. Mo ní ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: mo ní ó dáa. Mo kí Àǹtí kú iṣẹ́, mo sì lọ sídìí abọ́ mi.

Ọ̀gá ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí wèrè tó ń ṣe nǹkan ọ̀sìn mi. Wọ́n ní kí n ṣe é lójú àwọn, kí n máa sọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gbé ìgò omi ṣúgà, Ọ̀gá ní kí n dúró. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè síbi iná, wọ́n mì í, wọ́n kán díẹ̀ sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí àwọ̀ padà bó bá fara kan ṣúgà. Ìwé náà ò yí padà. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí mo po omi náà, ẹ̀gbọ́n mi ló tún pè mí nípa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, a jà lórí fóònù, mo sì dé ìgò náà láì da ṣúgà sí i.

Ọ̀gá ò bínú. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ yìí lo ti ń febi pa wọ́n. Kò sí ohun tó ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ."

Mo ní ó yé mi, ṣùgbọ́n kò tíì yé mi tán. Mo bi wọ́n pé bí kò bá sí ṣúgà nínú ìgò, a jẹ́ pé kò sí nínú abọ́ Ẹlẹ́rìí náà. Kí ló wá dé tí tiẹ̀ fi ń tú jáde?

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ṣé Ẹlẹ́rìí máa ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun? Ilẹ̀kùn ló máa ń tì. Tó bá ti tì í, wọ́n á da gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn síta, ebi ì báà máa pa gbogbo ayé."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu wọn tí mo fi tún gbọ́ ohùn Àǹtí nínú orí mi: àní omi lásán ni wọ́n mu. Mo rí Bàbá níwájú abọ́ òfìfo. Mo rí òógùn ojú wọn. Oògùn ń wọlé láàárọ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn, ínsúlíìnì ń dà, ó ń kó ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ, kò sì sí oúnjẹ tó máa dí i. Ọpọlọ ò sì ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ ju ṣúgà yẹn lọ. Kì í ṣe pé orí Bàbá ń bàjẹ́. Àwa là ń febi pa wọ́n, ìfẹ́ sì la fi ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọwọ́ mi.

Mo pe Àǹtí. Mo ní kí wọ́n fún Bàbá ní nǹkan aládùn kíákíá. Wọ́n ní ṣé orí mi pé, lọ́jọ́ bí òní, wọ́n sì pa fóònù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dún lásán ni. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn, mo dá ọkọ̀ dúró, mo sì ń bẹ dírẹ́bà bí ẹni tó ń bẹ adájọ́. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta káàdì fóònù. Mi ò dúró gba ṣéńjì.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti gẹ, ó sì dára, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá gan-an. Ṣùgbọ́n láti àárín orí lọ, ọ̀nà kan wọ́ gbágungbàgun lọ sápá òsì, ó sì dúró lójijì lókè etí. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, máṣíìnì ń kùn lọ́wọ́ wọn nínú afẹ́fẹ́. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n ń wo orí tó wà níwájú wọn bí ẹni tó bá ẹrù àjòjì nínú yàrá rẹ̀. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ètè wọn ń mì, àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Bàbá wo ẹ̀gbọ́n mi nínú dígí. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Bàbá tó bí i lọ́mọ ló ń pè é ní sà. Mi ò tíì rí ojú ẹ̀gbọ́n mi kó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ṣí ìgò, mo gba máṣíìnì lọ́wọ́ Bàbá, mo gbé ìgò náà sún mọ́ ẹnu wọn. Àǹtí di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì lágbára ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ní ṣúgà ló sọ Bàbá di báyìí, èmi tún wá gbé ṣúgà wá láti parí rẹ̀, pé ìwé ti gba ọpọlọ lórí mi.

Mo ní, "Àǹtí, kò sí ṣúgà lára wọn mọ́. Oògùn yẹn ti kó gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ wò wọ́n, ebi ló ń pa wọ́n kú lọ yìí."

Àǹtí ò jù mí sílẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, ìgò ń mì láàárín wa, ọtí náà ń dà sára kóòtù mi. Mi ò fẹ́ ti àgbàlagbà, mi ò sì fẹ́ kí Bàbá ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ látorí àga.

"Àǹtí, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ò mọ̀ mí mọ́. Kí ló kù tó lè burú ju ìyẹn lọ?"

Àǹtí jù mí sílẹ̀. Bàbá mu ún bí ọmọdé ṣe ń mu oògùn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mú ìgò náà, èmi náà sì dì í mú. Mo fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo pe ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé fóònù fún dókítà, dókítà sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n ní kí a fún Bàbá ní oúnjẹ gidi bí ojú wọn bá ti ń là, kí a má fún wọn ní oògùn yẹn mọ́ títí àwọn á fi rí wọn, kí a sì gbé wọn wá lónìí yìí, torí oògùn náà ṣì lè padà mú wọn. Mo tún un sọ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù láti ṣe ju kí a máa wo Bàbá lọ. Fáànù ń yí. Irun ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ yí àga ká.

Díẹ̀díẹ̀ ni òógùn náà gbẹ. Bàbá nu ojú, wọ́n wo ìgò tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n sì rọra gbé ìgò náà sẹ́yìn ara wọn. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, à bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí orí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta ló ba orí ọmọ mi jẹ́ báyìí?"

Bàbá wo máṣíìnì lórí tábìlì. Wọ́n wo irun tó wà lára ṣòkòtò tiwọn. Mo rí i bó ṣe yé wọn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má yé wọn tán. Ṣùgbọ́n orí wọn ti pé, ó sì yé wọn tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́ fún wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọ̀rọ̀ ilé etí ìlú, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, àti pé ìdánwò ni òun wá ṣe fún wọn lórí àga yìí. Ó sọ ọ́ sí dígí, kò lè yíjú padà. Èmi náà sọ ohun tí oògùn àti ebi ti jọ ṣe. Mo rò pé Bàbá máa bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú.

Bàbá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù ara mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù mi."

Àǹtí bú sẹ́kún. Wọ́n jáde, nígbà tí wọ́n sì padà, búrẹ́dì àti ẹyin díndín ló wà lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rá, ó tó fún èèyàn mẹ́ta. Wọ́n kúnlẹ̀ gbé e fún ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá fọwọ́ kan èjìká wọn, wọ́n ní kí Àǹtí dìde, ilẹ̀ ti kún fún irun. Wọ́n jẹun. Wọn ò kánjú, àwa náà ò wo ibòmíràn, a sì gbọ́ gbogbo ìró ẹnu wọn.

Mo ní ó yá, ká máa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde. Ó ní kí Bàbá parí orí òun ná. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú kí gbogbo wa lè rí i bó ṣe ń gbọ̀n. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣe é, àwọn bábà wà ní òpópónà kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa dúró dè é. Ó sì dúró, aṣọ lọ́rùn, ìdajì orí ní dúdú. Bàbá jókòó tì í títí ọwọ́ náà fi rọlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n tan máṣíìnì, wọ́n tún ọ̀nà gbágungbàgun yẹn ṣe, wọ́n sì mú apá òsì bá apá ọ̀tún mu.

Bábà àtijọ́ ni Bàbá mi, ẹ̀yìn ọrùn kì í parí lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi abẹ kàn án. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ ṣí, wọ́n sì dúró pẹ̀lú ọwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n mi nínú dígí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ sọ pé kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Ó tẹ orí ba síwájú, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa kọ́là sísàlẹ̀, Bàbá sì ṣí abẹ.